Ọ̀rá Dúdú Ti Lọ, Àṣírí Ńkọ́?

Ìdí Arẹrẹ,
Ìbàdàn.
Ọ̀sán ọjọ́ Ajé.

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Mi ò ní bi ọ́ bóyá àlàáfíà lo wà, torí pé èmi tí mo fẹ́ béèrè, àlàáfíà ti fò kúrò lára mi láti àná. Ẹnu ṣì ń yà mí. Mo rán ẹ̀wù kan láàárọ̀ yìí, apá òsì ni mo fi sí ọ̀tún. Èmi! Èmi tí mo ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí ọ.

Ọwọ́ Dáníẹ́lì àbúrò rẹ lò ń wò yìí, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ló ń sọ̀rọ̀. Ìwé tèmi ò kọjá kí n kọ ìwọ̀n àyà àti ìwọ̀n ìdí sẹ́yìn páálí. Dáníẹ́lì náà, o mọ̀ pé ẹ̀yìn ilé ìwé ló ti kàwé jù, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún un ní etí. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀, bó ṣe sọ ọ́ gan-an ló máa gbé e jáde, ikọ́ àti gbogbo ẹ̀. Mo ti ní kó kọ ohun tí mo bá sọ, kó má ṣe bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i.

(Àǹtí Mojí, èmi Dáníẹ́lì rèé. Mo máa bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí àkámọ́ báyìí, èmi ni. Màmá ò lè kà á.)

O lè ní, "Màmá, ṣé láti Ìdí Arẹrẹ sí Òkè Padre náà la wá ń kọ lẹ́tà?" Òótọ́ ni, ẹsẹ̀ mi á gbé mi débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá wá, màá pariwo. Mo mọ ara mi. Yàrá tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yẹn, ògiri ẹ̀ fẹ́lẹ́, gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbélé ni yóò gbọ́ ohun tó o ṣe. Fóònù ńkọ́? Mo gbé e kí n fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí wọ́sáàpù, mo tún gbé e sílẹ̀. Orí káńtà ni fóònù rẹ máa ń wà. O máa tẹ̀ ẹ́, ohùn ìyá rẹ á bú jáde níwájú àwọn kọ́sítọ́mà. Ìwé ló dákẹ́. Kà á tán, kó o ká a padà sínú àpò tí Dáníẹ́lì fi gbé e wá. Ohun tó wà nísàlẹ̀ àpò yẹn, má tíì tú u. Màá débẹ̀.

Lánàá, lẹ́yìn tá a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Dáníẹ́lì kó gbogbo ilé jọ sójúde, ó ní òun fẹ́ ṣe ìròyìn súpámákẹ́ẹ̀tì fún wa, torí pé òun ni mo fi oúnjẹ rán sí ọ níbi iṣẹ́ tuntun rẹ ní Bẹẹrẹ lọ́jọ́ Sátidé. O mọ̀ ọ́n tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣe ti ọkọ̀ ìkéde. Ṣé o rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn kọ́kọ́ gba iwájú ilé wa kọjá, tó ń ké pé, "Ọ̀rá ti di èèwọ̀! Oníṣọ́ọ̀bù tá a bá ká ọ̀rá mọ́ lọ́wọ́, á fojú winá òfin!" Bàbá Alápatà tó kọjú sí wa fò sókè: "Ọ̀rá kẹ̀? Ọ̀rá ẹran? Kí ni kí n wá máa tà, egungun?" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rá kúrò lára ẹran, ó ń jù ú sí ajá. Ó ti jù ú lọ rẹpẹtẹ kí Ìyá Alákàrà tó sọ fún un pé, "Bàbá, ọ̀rá tá a fi ń di ọjà ni o, kì í ṣe èyí tó ń yọ́ nínú ọbẹ̀." Títí dòní, bí ọkọ̀ ìkéde bá ń bọ̀, àwọn ajá àdúgbò ló máa ń kọ́kọ́ jáde.

(Èmi ni mo tún kéde ẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti ẹ̀yìn ògiri, mo fi àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo sẹ́nu. Bàbá Alápatà tún gé òmíràn.)

A rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣe tìẹ. Ó gbé àyà síwájú, ó fún imú pọ̀, ó ní, "Gúdáfútanúùnù, mà! Nó náílọ́ọ̀nù, mà! Ìts dì lọ́ọ̀, mà!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Mo ń wo àwọn ará ilé pé kí wọ́n gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń fi imú sọ òyìnbó.

Dáníẹ́lì wá ní obìnrin àgbàlagbà kan wọlé, ó fa ìborùn bojú. Ó ní ìyá náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan títí èrò fi dín kù, ó wá gbé ohun tó rà lé káńtà, ó da ojú ẹ̀ délẹ̀. Ìwọ sì yí i sókè.

"Wíà ìs yọ̀ bágì, mà?"

"Ọmọ mi, mi ò mú àpò wá. Ṣé ẹ ò ní ọ̀rá dúdú kékeré kan?"

"Nó náílọ́ọ̀nù, mà."

"Bébà ńkọ́? Bébà lásán."

Mojísọ́lá, ìwọ lo wá kọjú sí ọmọge kejì rẹ tó wà lọ́hùn-ún, o ní, "Ìyá yìí ò mú àpò wá o!" Ọmọge yẹn ní, "Kí ni wọ́n rà?" O gbé e sókè. O pe orúkọ ẹ̀. O pe ìwọ̀n ẹ̀. Dáníẹ́lì ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló yíjú, títí kan ọkùnrin tó ń yan míìkì.

Mi ò ní jẹ́ kó kọ orúkọ nǹkan náà síhìn-ín. Ohun tá a máa ń wọ̀ fún ọmọ ọwọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ìwọ̀n ọmọ ọwọ́. Ó yé ọ.

Àwọn ará ilé ṣì ń rẹ́rìn-ín. Dáníẹ́lì wá fẹ́ ṣe bí ìyá náà ṣe jáde. Ó fi ìrọ̀rí kan há abíyá bí ẹni pé ẹrù náà ni, ó ń fi ìborùn bò ó, ìborùn náà ò ká a. Ó ní bí wọ́n ṣe la àárín Bẹẹrẹ kọjá nìyẹn, lójú gbogbo ọlọ́jà, wọ́n ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ wo bàtà, tí wọn ò sì wo bàtà kankan. Ó wá rìn. Ọwọ́ kan ní ìbàdí, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń lọ síta bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀.

Ẹ̀rín gé mọ́ mi lẹ́nu.

Mo ní, "Dáníẹ́lì, tún un rìn."

Ó tún un rìn.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn. Ṣé bó ṣe ń ṣe nìyẹn, àbí ìwọ lo fi kún un?"

"Màmá, èmi kì í fi kún un."

"Ìborùn yẹn, àwọ̀ wo ni?"

"Búlúù. Ó ti ṣá."

Mo wá ibi jókòó, mi ò rí, mo jókòó sórí odó. Mo lé gbogbo wọn kúrò lójúde. Wọ́n rò pé orí ló ń fọ́ mi.

Ìwọ ò dá wọn mọ̀. Wọ́n bojú, mo mọ̀, ìwọ náà ò sì wo ojú, ọjà lò ń wò. Mi ò ní pe orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá sọ ti ìborùn, o máa mọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Nígbà tó o wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ìwé yín lọ yan ní Màpó. Èmi ni mo rán síkẹ́ẹ̀tì rẹ. Iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́jọdá pọ̀ lọ́wọ́ mi, mo fi òwú tó ti gbó rán tìrẹ ní kánjúkánjú, mo ní ọmọ mi ni, kò ní bá mi jà. Ìwà ìgbà èwe, mi ò mọ̀ pé ọmọ ẹni ni kọ́sítọ́mà àkọ́kọ́. Nídìí àtẹ̀gùn Màpó, níbi tẹ́ ẹ ti ń gbé ẹsẹ̀ sókè tẹ́ ẹ̀ ń gbé e sílẹ̀, ojú rírán ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì yẹn tú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwọ ò mọ̀. Ojú rẹ wà níwájú, ò ń ju apá bíi sójà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi igúnpá gún ara wọn.

Ìyá kan ń ta bùrẹ́dì níbẹ̀. Wọ́n fi àtẹ bùrẹ́dì sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ jí i. Wọ́n wá bá ọ, wọ́n ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ooru ń mú mi. Bá mi ro ìborùn yìí mọ́dìí, kó o bá mi gbé e délé yín. Màá wá gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ." Ìborùn búlúù. Nígbà yẹn kò tíì ṣá.

O sáré wọlé bá mi: "Màmá! Mo bá ìyá kan gbé ìborùn wọn délé!" Ò ń yangàn. Mo tú u, mo rí ẹ̀yìn rẹ, mo la ẹnu kí n ké. Mo gbójú sókè báyìí, ìyá náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti ń tẹ̀ lé ọ láti Màpó pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń gbálẹ̀ yẹn, lẹ́yìn, lókèèrè. Wọ́n gbé ìka lé ètè. Mo pa ẹnu mi dé. Mo fún ọ lóúnjẹ, kó o tó jẹun tán mo ti rán síkẹ́ẹ̀tì náà padà. Títí dòní olónìí, o rò pé o ran ìyá kan lọ́wọ́ ni.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà ní Màpó lọ́jọ́ yẹn. Mojísọ́lá, ẹni tó bò ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ tí wọ́n bò ò fi mọ̀, àṣírí tirẹ̀ lo gbé sókè bí ẹni gbé àsíá ní Bẹẹrẹ. Háà! Ọmọ tèmi!

(Màmá ń fi etí ìró nu imú níbí. Wọ́n ní kí n má kọ ìyẹn.)

Mo lọ sílé wọn ní Bẹyẹrúnká láàárọ̀ yìí. Mo mú téèpù dání bí ẹni tó fẹ́ wọn sùtánà fún ìyá náà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn díẹ̀, wọ́n fi ara dí i. Òórùn ọṣẹ jáde sí mi. O mọ ọkọ wọn, bàbá tó máa ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀ tí fèrèsé á máa gbọ̀n. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún wa pé bàbá ti lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn. Bàbá ò lọ síbì kankan. Mo gbọ́ ohùn kan láti inú yàrá, ohùn tó ti rẹ̀: "Ta nìyẹn?"

Ìyá náà dáhùn: "Kò sẹ́nì kankan."

Mo sì wà níbẹ̀. Mo dúró níwájú wọn.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn ò dé, wọ́n ta okùn sí i, aṣọ tútù ló kún orí ẹ̀. Mo mọ aṣọ yẹn. Èmi ni mo rán bùbá rẹ̀. Ìró wọn tó dáa ni wọ́n ti fà ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n ń fi í ṣe ohun tí wọn ò lè jáde lọ rà mọ́, kí èyí tí wọ́n rà lọ́jọ́ Sátidé má bàa tán. Mo ní, "Ṣé ẹ máa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ọjọ́rú?" Wọ́n ní, "Ìta ò wù mí mọ́." Wọ́n rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Aṣọ tútù kì í jẹ́ kí ara aláìsàn gbẹ. Bí ara bàbá yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó, bí ìyá yẹn bá sé ara ẹ̀ mọ́lé títí gbogbo wa fi gbàgbé ẹ̀, ọmọ mi ló ti ilẹ̀kùn yẹn. Mi ò lè gbé e. Ìwọ náà ò ní lè gbé e. Nítorí náà, gbọ́ mi.

Èkíní. Má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́, bó o bá ka ibi tá a dé yìí tán, wàá fẹ́ bọ́ ẹ̀wù ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lórí káńtà. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin yẹn dáa. Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀rá ló dí gọ́tà wa, tí òjò fi wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tí omi fi ba léèsì oníléèsì jẹ́? Mo wà lẹ́yìn òfin. Ṣùgbọ́n òfin ní kó o má fún wọn ní ọ̀rá ni. Òfin ò ní kó o gbé ọjà wọn sókè. Òfin ò ní kó o pe ìwọ̀n ìdí ẹnikẹ́ni.

Èkejì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ọ̀rá dúdú wà fún gbígbé ọjà. Rárá o. Ìlú wo la wà? Ìlú tó jẹ́ pé bó o bá ti ọjà bọ̀, ojú ò ní wo ojú rẹ, ọwọ́ rẹ ló ń wò. "Ẹ káàbọ̀ o, kí lẹ rà bọ̀?" Ẹni tó ra gààrí ife kan ṣoṣo fún ilé ọlọ́mọ mẹ́fà, ọ̀rá dúdú ni kò jẹ́ kí ará ilé mọ̀. Ẹni tó ra oògùn, ẹni tí ọkọ ẹ̀ ò níṣẹ́ tó ń ra ẹyin kan, ọ̀rá dúdú yẹn lẹ̀wù wọn. Ẹ ti wá bọ́ ẹ̀wù yẹn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi aránṣọ ló ń sọ fún ọ: a kì í ní kí èèyàn bọ́ṣọ láìmú òmíràn dání fún un. Kó tó di pé ọ̀rá dé, ewé wà, bébà wà, igbá tó ní ọmọrí wà. Páálí tẹ́ ẹ máa ń sun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yín, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń sun ún? Bá ọ̀gá rẹ sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kó bébà ìròyìn àtijọ́ sábẹ́ káńtà. Ẹni tó bá da ojú ọjà ẹ̀ délẹ̀, ó ti bá ọ sọ̀rọ̀ tán. Má yí i sókè, bébà ni kó o nawọ́ sí.

Èyí tó kàn. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi máa ń jókòó sídìí ìwé, èmi á máa fi téèpù wọn kọ́sítọ́mà, màá máa pe ìwọ̀n jáde. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ti mọ̀ ọ́n kà. Lọ́jọ́ kan mo wọn ìyàwó kan, mo pariwo pé, "Ọ̀gá! Ìdí ti fẹ̀ sí i ju ti ọdún tó kọjá lọ o!" Ọkọ ìyàwó wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀. Obìnrin yẹn ò wá gba aṣọ ẹ̀ títí a fi pa ṣọ́ọ̀bù yẹn dà. Ọ̀gá mi ò nà mí. Wọ́n ní, "Ẹnu aránṣọ gbọ́dọ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ." Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn páálí ni mo ń kọ ìwọ̀n sí, mo sì máa ń da ojú ẹ̀ délẹ̀. Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Ẹni tó bá ń ta ọjà, tó bá ń ránṣọ, tó bá ń tọ́jú aláìsàn, ìdajì iṣẹ́ ẹ̀ ni kó má sọ.

"Dáníẹ́lì, ẹ̀kẹta la wà yẹn?"

"Ẹ̀kẹta ni, Màmá."

"Ìwọ náà ń gbọ́ ọ, àbí o kàn ń kọ ọ́ ni?"

"Mò ń gbọ́ ọ, Màmá."

"Ta ló sọ pé kó o kọ ìyẹn síbẹ̀?"

"Ẹ ní kí n kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ."

Ẹ̀kẹrin. Òyìnbó orí káńtà yẹn, dín in kù. Kì í ṣe pé kò dùn létí. Ṣùgbọ́n òyìnbó ò mọ àgbà. Ohun tí wọ́n fi ń pe ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń pe ìyá ìyá ẹ̀. Ká ní Yorùbá lo sọ fún ìyá yẹn ni, "ẹ" á ti kó sí ọ lẹ́nu kó o tó rò ó. Wàá ti ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹ jọ̀ọ́." Ibi tó o bá ti ní "ẹ jọ̀ọ́," ọwọ́ rẹ ò ní lè gbé ẹrù àgbà sókè. Ahọ́n máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lónìí fún ọ. Nígbà tí mo kúrò ní Bẹyẹrúnká, mo ya ọ̀dọ̀ olóògùn kan lọ́nà Ọjà'ba, mo ra ohun tí ìyá yẹn rà. Èmi tí mi ò ní aláìsàn nílé, ìtìjú bò mí, mo ń bojú wẹ̀yìn. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ò dàgbà jù ọ́ lọ. Kò ní ọ̀rá, òfin ti dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ náà. Ó fi bébà ìròyìn wé e, ó fi òwú dì í, ó ń wo ògiri bó ṣe ń dì í, bí ẹni pé iṣu ló ń dì. Nígbà tó nà án sí mi, ó ní, "Ẹ kú ìtọ́jú, mà." Ìyẹn nìkan. Mojísọ́lá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kò sí ohun tí Yorùbá ò ní ìkíni fún. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, wọn kì í bi í pé kí lo rà. "Ẹ kú ìtọ́jú" ni wọ́n ń kí i. Fi kọ́ ẹnu rẹ.

Dáníẹ́lì náà rèé. Mo ti gbá a létí. Mo ní ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún un yẹn, kó máa fi ṣe olówó, kó máa fi ṣe ọlọ́pàá, kó fi ìrìn ìyá yẹn sílẹ̀. Mo ní bí mo bá tún rí ẹsẹ̀ yẹn lójúde yìí, màá fi téèpù dè é.

(Àǹtí, mi ò mọ̀ pé àwọn ni. Ẹ̀rín ni mo fẹ́ kí wọ́n rín. Mi ò ní í rìn ín mọ́. Ẹsẹ̀ mi ṣì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo ti ní kó dákẹ́.)

Ẹ̀karùn-ún, òun ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, bó o bá ti ṣíwọ́, lọ sí Bẹyẹrúnká. Má dúró de Ọjọ́rú tó o máa ń sinmi. Má sì lọ wólẹ̀ gbalaja lójúde wọn, kó o máa ké pé, "Ẹ dárí jì mí, mà, èmi ni mo gbé nǹkan yín sókè!" Bó o bá bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, o tún gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, fún àwọn ará Bẹyẹrúnká tí kò sí ní Bẹẹrẹ. Ẹ̀bẹ̀ míì wà tí kì í la ẹnu.

Wo àpò tó wà lọ́wọ́ rẹ dáadáa. Yí i padà, wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ṣé o rí aṣọ náà? Síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé rẹ ni. Mi ò jù ú nù láti ọjọ́ yẹn. Mo fi àjákù aṣọ míì lé e létí kó lè gba ẹrù. Ojú rírán tó tú ní Màpó, mo ti tún un rán, òwú tuntun, ìlọ́po mẹ́ta. Kò ní tú mọ́ títí ayé. Ohun tí mo rà lọ́nà Ọjà'ba ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, nínú bébà. Má tú u. O ti mọ̀ ọ́n, kò sí ìdí tí ojú rẹ fi gbọ́dọ̀ rí i.

Bó o bá kanlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí i díẹ̀, kúnlẹ̀ bí ọmọ ṣe ń kí ìyá. Wọ́n máa mọ ojú rẹ. Ojú lè tì wọ́n, wọ́n lè fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Sọ ohun kan ṣoṣo fún wọn kí wọ́n tó tì í. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àpò yìí wúwo lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi gbé e sínú ilé. Màá máa wá gbà á, màá sì máa gbé e padà wá." Kó o wá kí wọn: "Ẹ kú ìtọ́jú, mà." Kó o dìde, kó o máa lọ. Má wo inú ilé.

Wọ́n máa mọ̀. Àwọn ló kọ́kọ́ la ọ̀nà yẹn, lọ́jọ́ Màpó.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ gba àpò náà lófìfo, kó o wá bá mi, kí n fi kún un. Bá a ó ṣe máa ṣe é nìyẹn, èmi, ìwọ àti Dáníẹ́lì, títí Ọlọ́run yóò fi gbé bàbá yẹn dìde, tàbí títí yóò fi pè é. Ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ gbọ́, títí kan àwọn ará ilé wa tó rẹ́rìn-ín.

Àbẹ̀kẹ́ mi, mi ò ṣépè fún ọ, ẹnu yà mí ni. Bí orí rẹ ò bá dáa ni, mi ò bá máà kọ̀wé. Ẹni tó máa bo èèyàn ni mo bí. O kàn gbàgbé fún ọjọ́ kan ni.

Máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó o bá ń kọjá ní Bẹẹrẹ, àwọn ọlọ́jà á bi ọ́, o mọ̀ wọ́n, "Ọmọ súpámákẹ́ẹ̀tì, kí ló wà nínú àpò yẹn?" Gbé àyà síwájú bó o ṣe gbé e lọ́jọ́ tó o sáré wọlé bá mi. Sọ fún wọn pé ìborùn ni. Ò ń bá ìyá kan gbé ìborùn wọn délé.

Èmi tó bí ọ, tó ń dúró de àpò òfìfo,
Màmá rẹ.

Ọwọ́ Dáníẹ́lì ló kọ ọ́.